Síprìngì tó ń rẹ mọ́tò sílẹ̀: Èrè wo ló wà níbẹ̀, ewu wo ló fara sin?

Láàárín àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe, iṣẹ́ kan wà tó dà bí ẹni pé ó rọrùn, tó sì máa ń mú owó wọlé kíákíá. Oníbàárà á gbé ọkọ̀ asáré rẹ̀ wá, á ní òun fẹ́ kó sún mọ́ ilẹ̀ sí i. Ẹni tó ni ọkọ̀ gbà pé bí ara mọ́tò bá ti bo orí táyà díẹ̀, gbogbo ojú ni yóò máa wò ó ní títì, àti pé ọkọ̀ náà yóò di ọ̀nà mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bí ó bá dé kọ́nà. Mẹkáníìkì á tú síprìngì àtijọ́, á fi tuntun rọ́pò rẹ̀, á gbowó iṣẹ́, oníbàárà á sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ tẹ̀rín-tẹ̀yẹ.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ máa ń yí padà. Oníbàárà kan náà á tún dé, ojú rẹ̀ á ti le. Á ní ọkọ̀ òun ń lu gbì ní gbogbo bọ́ǹpù, pé táyà iwájú ti jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan, pé ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ti ń da òróró, àti pé bí òun bá sáré dé ibi tí títì ti rí gbágungbàgun, ńṣe ni ìdí ọkọ̀ ń fò kiri. Èrè ọjọ́ kan ti di gbèsè ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé oníbàárà tí inú ń bí kì í dá ìbínú náà mọ́ra. Gbogbo ẹni tó bá ń wa irú ọkọ̀ rẹ̀ ni yóò gbọ́.

Kì í ṣe pé síprìngì tó ń rẹ mọ́tò sílẹ̀ kò dára. Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ń tà á bí ẹni tó ń ta ẹ̀ṣọ́, bí ẹni pé kò yàtọ̀ sí kí wọ́n lẹ sítíkà mọ́ gíláàsì. Bẹ́ẹ̀, ara ohun tó ń gbé ẹ̀mí èèyàn dúró lórí eré ni síprìngì. Mẹkáníìkì, oníṣòwò ẹ̀yà ara mọ́tò àti ẹni tó ń ṣe aláìmẹ́ǹtì ló yẹ kó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ kí ó tó na ọwọ́ gba owó.

ÀPẸẸRẸ LÁTI ARA MUSTANG

Kí ọ̀rọ̀ má baà jẹ́ ti orí afẹ́fẹ́, ó dára kí á mú ọkọ̀ kan pàtó. Ọjọ́ 17, oṣù kẹrin, ọdún 1964 ni ilé-iṣẹ́ Ford fi Mustang àkọ́kọ́ han aráyé níbi ìpàtẹ àgbáyé tó wáyé ní New York, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà ni orúkọ ọkọ̀ yìí ti gbilẹ̀, ó sì wà lára àwọn ọkọ̀ asáré tí àwọn ọ̀dọ́ tó rí já jẹ ń rà ní tòkúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà wá sí Èkó.

Àwọn Mustang tí wọ́n ṣe láàárín 2005 sí 2014 ní ètò kan náà lábẹ́. Níwájú, síprìngì àti ṣọ́ọ̀kì wà lórí ara wọn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní MacPherson. Lẹ́yìn, irin gbọọrọ kan, ìyẹn ásìlì, ló so táyà méjèèjì pọ̀, síprìngì méjì sì ń gbé ìwúwo ọkọ̀ lé e lórí. Ìgbà tó di Mustang ọdún 2015 ni Ford yí ẹ̀yìn náà padà, tí táyà ọ̀tún àti ti òsì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ṣiṣẹ́, tí ọ̀kan lè gòkè kí èkejì má mira.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ fún oníṣòwò wà níbẹ̀. Orúkọ kan náà lára bọ́nẹ́ẹ̀tì kò sọ pé síprìngì kan náà ni. Síprìngì Mustang 2013 kò sí fún Mustang 2016. Kódà láàárín ọdún kan náà, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì V8 wúwo níwájú ju èyí tó ní V6 lọ, èyí tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí sì wúwo ju èyí tí òrùlé rẹ̀ kì í ṣí lọ. Oníṣòwò tí kò bá béèrè ọdún, ẹ́ńjìnnì àti irú òrùlé ọkọ̀ kí ó tó ta síprìngì, àfàìmọ̀ ni ọjà náà kò ní padà wá bá a.

KÍ NI SÍPRÌNGÌ Ń ṢE GAN-AN?

Iṣẹ́ méjì ni síprìngì ń ṣe. Àkọ́kọ́, ó ń gbé ìwúwo ọkọ̀ dúró. Èkejì, ó ń gba ẹ̀ṣẹ́ tí títì ń ju sí táyà mọ́ra, kí ẹ̀ṣẹ́ náà má baà dé ara ọkọ̀ àti ẹni tó jókòó sínú rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ló ń sọ bí síprìngì yóò ṣe le tó: bí irin tí wọ́n fi ká a ṣe nípọn tó, bí òrùka rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, àti iye òrùka tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nínípọn irin ló lágbára jù. Bí irin bá kúrò ní mìlímítà 12 tó di 13, tí ohun yòókù kò yí padà, líle síprìngì náà yóò fi nǹkan bí ìdá 38 nínú 100 lé sí i. Ojú lásán lè máa rí i bí ẹni pé síprìngì méjèèjì dọ́gba. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi ojú wọn síprìngì lórí káńtà kó ní "wọ́n jọra."

Bí òrùka bá dín, síprìngì á le sí i. Èyí tó ní òrùka 6 tó ń ṣiṣẹ́, tí ó bá di 5, yóò fi ìdá 20 nínú 100 le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

ÈRÈ TÓ WÀ NÍNÚ KÍ ỌKỌ̀ RẸLẸ̀

Bí ọkọ̀ bá ń ya kọ́nà lórí eré, ìwúwo rẹ̀ máa ń sún láti orí táyà tó wà ní inú kọ́nà lọ sí orí táyà tó wà ní ìta. Bí ibi tí ìwúwo ọkọ̀ ti pàdé bá ṣe ga tó ni ìwúwo tó ń sún yóò ṣe pọ̀ tó. Táyà méjì tó pín ẹrù dọ́gba máa ń di títì mú ju kí ọ̀kan máa ru gbogbo ẹrù kí èkejì máa ṣe fàájì lọ. Nítorí náà, òótọ́ ni pé kí ọkọ̀ rẹlẹ̀ lérè.

Ṣùgbọ́n báwo ni èrè náà ṣe pọ̀ tó? Ká ní ọkọ̀ kan wọn 1,600 kìlò, tí àárín ìwúwo rẹ̀ ga ní mìlímítà 530 sókè ilẹ̀, tí táyà ọ̀tún sì fi mìlímítà 1,580 jìnnà sí ti òsì. Bí ọkọ̀ náà bá ya kọ́nà líle, tí agbára tó ń tì í sí ẹ̀gbẹ́ tó ìdá 8 nínú 10 ìwúwo rẹ̀, nǹkan bí 430 kìlò ni yóò sún lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí wọ́n bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní mìlímítà 30, yóò di nǹkan bí 405 kìlò. Èyí kò pé ìdá 6 nínú 100. Èrè ni lóòótọ́, ẹni tó ń bá èèyàn du ipò lórí pápá eré ìje yóò sì fẹ́ ẹ. Ẹni tó ń lọ sí ibi iṣẹ́ láàárín ìgboro kò lè mọ̀ ọ́n lára.

Ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń mọ̀ lára, tí wọ́n sì ń pè ní "ọkọ̀ ti di ọ̀nà mú," kì í ṣe ti rírẹlẹ̀. Ti líle síprìngì ni. Síprìngì tó bá le kì í jẹ́ kí ara ọkọ̀ fì púpọ̀ ní kọ́nà, sítíárì á sì yára dáhùn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a má ṣi èyí gbọ́. Pé ara ọkọ̀ kò fì mọ́ kò sọ pé ìwúwo kò sún mọ́. Ó ń sún síbẹ̀, awakọ̀ ni kò rí i. Ewu kékeré kọ́ nìyẹn, nítorí ẹni tí ara ọkọ̀ rẹ̀ kò fì mọ́ lè rò pé ó ṣì kù tó lè sáré sí, nígbà tí táyà rẹ̀ ti dé òpin agbára.

OHUN TÍ ỌKỌ̀ Ń PÀDÁNÙ

Gbogbo mìlímítà tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ gíga ọkọ̀, àyè tí táyà fi ń gòkè nígbà tó bá kọlu bọ́ǹpù ni wọ́n gbà á. Ní òpin àyè yìí ni rọ́bà ìdádúró kan wà lára ṣọ́ọ̀kì, kí irin má baà kan irin. Bí ọkọ̀ bá ti sinmi lé rọ́bà yìí, síprìngì ti parí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀ṣẹ́ títì ń lọ tààrà sí ara ọkọ̀. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ láàárín kọ́nà, táyà náà lè já ọ̀nà sílẹ̀ lójijì.

Ìṣirò ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le. Bí àyè tí síprìngì ní bá dín sí ìlàjì, síprìngì náà gbọ́dọ̀ le ní ìlọ́po mẹ́rin kó tó lè gba ẹ̀ṣẹ́ kan náà mọ́ra láìkan rọ́bà. Ká ní ọkọ̀ kan ní àyè mìlímítà 80, tí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní 30, tó ku 50. Kí ó tó lè gba ẹ̀ṣẹ́ tó ń gbà tẹ́lẹ̀, síprìngì tuntun náà ní láti le ju ìlọ́po méjì ààbọ̀ ti àtijọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀, síprìngì irú èyí tí wọ́n ń tà fún ọkọ̀ ìgboro kì í sábà le tó bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ lè gbà á. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ọkọ̀ tó rẹlẹ̀ yóò máa kan rọ́bà ìdádúró rẹ̀ lóòrèkóòrè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ó bá ṣe rẹlẹ̀ tó ni yóò ṣe máa kàn án tó.

Ohun kejì fara sin ju èyí lọ. Lára ọkọ̀ tí iwájú rẹ̀ jẹ́ MacPherson, irin apá ìsàlẹ̀ tó mú táyà máa ń yí ìdúró rẹ̀ padà bí ọkọ̀ bá ṣe ń rẹlẹ̀. Ibi tí ara ọkọ̀ ti ń fì wá máa ń sọ̀kalẹ̀ yára ju bí ìwúwo ọkọ̀ ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Àbájáde rẹ̀ ni pé ìwúwo ọkọ̀ rí ọ̀pá tó gùn sí i tó fi lè ti ara ọkọ̀ ṣubú sí ẹ̀gbẹ́. Bí wọ́n bá rẹ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ gan-an láìjẹ́ pé síprìngì le tó, ó lè máa fì ju ìgbà tó ga lọ. Ẹni tó sanwó kí ọkọ̀ rẹ̀ má baà fì mọ́ ti fi owó ara rẹ̀ ra òdìkejì ohun tó fẹ́.

OHUN TÍ FORD FÚNRA RẸ̀ ṢE

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó wo ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Ford ṣe nígbà tí wọ́n gbé Mustang Boss 302 jáde ní ọdún 2012. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún pápá eré ìje ni, tí èèyàn sì tún lè fi wa ìgboro. Wọ́n fi síprìngì tó le sí i ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì tí èèyàn lè fi sìkúrúdíráfà yí líle rẹ̀ padà sí ipò márùn-ún. Ṣùgbọ́n rírẹlẹ̀ ńkọ́? Mìlímítà 11 péré ni wọ́n fi rẹ iwájú rẹ̀ sílẹ̀ ju ti Mustang GT lọ, ẹ̀yìn sì jẹ́ mìlímítà 1.

Àwọn tó ní gbogbo ẹ̀rọ ìdánwò lọ́wọ́, tí wọ́n sì fẹ́ kí ọkọ̀ wọn borí àwọn ọkọ̀ olówó ńlá, kò wá eré nínú rírẹlẹ̀. Inú kí síprìngì àti ṣọ́ọ̀kì bá ara wọn mu ni wọ́n ti wá a. Ọ̀rọ̀ yìí nìkan tó fún mẹkáníìkì láti fi dá oníbàárà lóhùn bí ó bá ní kí ọkọ̀ òun máa wọ́ ilẹ̀ kí ó lè sáré.

SÍPRÌNGÌ ÀTI ṢỌ́Ọ̀KÌ, ỌKỌ ÀTI AYA

Síprìngì ń tì, ṣọ́ọ̀kì ń dá a lẹ́kun. Bí síprìngì bá le sí i ní ìdá 30 nínú 100, ṣọ́ọ̀kì ní láti fi bí ìdá 14 nínú 100 lágbára sí i kí ó tó lè kápá rẹ̀ bí ó ṣe ń kápá ti àtijọ́. Ṣọ́ọ̀kì ilé-iṣẹ́ tó ṣì tuntun lè fara dà á fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì tòkúnbọ̀ tó ti rin ọ̀pọ̀ kìlómítà ní Amẹ́ríkà kó tó dé, agbára wo ló kù nínú rẹ̀? Síprìngì tuntun lórí ṣọ́ọ̀kì tó ti rẹ̀ ni ó sábà máa ń fa kí ìdí ọkọ̀ máa fò kiri, ẹ̀bi náà á sì wà lọ́rùn mẹkáníìkì.

Ìbáṣepọ̀ iwájú àti ẹ̀yìn tún ṣe kókó. Bí iwájú bá le ju bó ṣe yẹ lọ, táyà iwájú tó wà ní ìta kọ́nà á máa ru ẹrù jù, imú ọkọ̀ á máa lọ tààrà nígbà tí awakọ̀ ń fẹ́ kó yà. Bí ẹ̀yìn ló bá le jù, ìdí ọkọ̀ ni yóò fẹ́ jù síta. Èyí ló burú jù fún ọkọ̀ bíi Mustang tó jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ń yí, pàápàá bí òjò bá rọ̀. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ra síprìngì méjì fún ẹ̀yìn nìkan, tàbí kó mú ti iwájú láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan, kó mú ti ẹ̀yìn láti ọwọ́ òmíràn. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ṣírò pọ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló yẹ kí wọ́n rà pọ̀.

Oríṣi síprìngì méjì ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Ọ̀kan wà tí líle rẹ̀ kì í yí padà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Awakọ̀ máa ń mọ ohun tí yóò ṣe, àwọn tó ń lọ pápá eré ìje sì fẹ́ràn rẹ̀. Èkejì ni èyí tí òrùka rẹ̀ sún mọ́ra ní apá kan, tó ya ara wọn ní apá kejì. Á kọ́kọ́ rọ̀, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í le bí wọ́n bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i. Fún ẹni tó ń wa ìgboro, tó ń gbé ìyàwó àti ọmọ, èyí kejì ló sábà máa ń tù ú lára.

ÀWỌN OHUN TÍ WỌ́N MÁA Ń GBÀGBÉ

Lára Mustang 2005 sí 2014, irin kan wà tó dábùú láti ara ọkọ̀ sí ara ásìlì ẹ̀yìn, tí wọ́n ń pè ní Panhard. Òun ni kì í jẹ́ kí ásìlì yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bí wọ́n bá rẹ ọkọ̀ sílẹ̀, irin yìí á yí ìdúró rẹ̀ padà, á sì ti ásìlì sí ẹ̀gbẹ́ kan ní mìlímítà mélòó kan. Táyà ẹ̀yìn kan á yọ síta ju èkejì lọ. Oníbàárà á ní wọ́n ti fi ọkọ̀ òun gbá nǹkan. Ohun tó ń tún un ṣe ni irin Panhard tí wọ́n lè fa gùn tàbí kí wọ́n dín kù, ó sì yẹ kó wà nínú iye owó tí wọ́n dá láti ìbẹ̀rẹ̀.

Níwájú, táyà á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orí rẹ̀ sínú bí ọkọ̀ bá ti rẹlẹ̀, ibi tí táyà kọjú sí á sì yí padà pẹ̀lú. Èyí tó ń jẹ táyà jù nínú méjèèjì ni ibi tí táyà kọjú sí. Bí wọn kò bá ṣe aláìmẹ́ǹtì, táyà tuntun lè parí láàárín oṣù díẹ̀. Mustang ìgbà yẹn kò ní ibi tí wọ́n ti lè yí títẹ̀ táyà padà láti ilé-iṣẹ́ wá. Wọ́n ní láti ra bóòtù pàtàkì kan fún un. Oníṣòwò tó gbọ́n á kó bóòtù yìí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ síprìngì.

Rọ́bà bọ́ọ̀ṣì náà ní àṣìṣe tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń mú gbogbo nọ́ọ̀tì le nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì, tí táyà ń rọ̀ ní afẹ́fẹ́. Bí ọkọ̀ bá wá balẹ̀, rọ́bà inú bọ́ọ̀ṣì á ti lọ́, yóò sì wà ní lílọ́ bẹ́ẹ̀ títí tí yóò fi ya. Ìwúwo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí táyà kí wọ́n tó mú nọ́ọ̀tì irin apá le pátápátá.

GÍGÉ SÍPRÌNGÌ: OWÓ TÓ Ń PA ÈÈYÀN

Àwọn kan wà tí wọn kì í fẹ́ ra síprìngì rárá. Wọ́n á ní kí wọ́n gé òrùka kan kúrò lára ti àtijọ́, tàbí kí wọ́n fi iná gáàsì yọ́ ọ títí tí ọkọ̀ yóò fi wálẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn orúkọ rẹ̀ kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Síprìngì tí wọ́n gé kì í jókòó dáadáa sínú ilé rẹ̀ mọ́, pàápàá bí orí rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí wọ́n ká pọ̀ tàbí tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ láti ilé-iṣẹ́. Bí táyà bá já sínú kòtò, tí síprìngì náà tú sílẹ̀ tán, ó lè yọ kúrò níbi tó wà. Ti iná gáàsì tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ ti fi iná àti òróró ṣètò agbára irin yẹn. Iná mẹkáníìkì á bà á jẹ́, ibi tó jó náà á rọ̀ tàbí kó gan, lọ́jọ́ kan á sì ṣẹ́ lórí eré. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Kódà ẹni tó ń fi síprìngì tó dára sí ọkọ̀ ní láti ṣọ́ra. Agbára tó wà nínú síprìngì MacPherson tí wọ́n ti fún pọ̀ lè pa èèyàn. Irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún fífún síprìngì ló yẹ kí wọ́n lò. Wáyà àti okùn kì í ṣe irinṣẹ́ fún iṣẹ́ yìí, kò sì yẹ kí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ máa kọ́ ọ lóun nìkan.

BÍ WỌ́N ṢE Ń YAN ÈYÍ TÓ YẸ

Jámánì wà lára ibi tí iṣẹ́ síprìngì ọkọ̀ asáré ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù lágbàáyé. Ibẹ̀, ní ìlú Finnentrop, ni ilé-iṣẹ́ Eibach wà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1951, tó sì ní ẹ̀ka ní ìlú Corona ní ìpínlẹ̀ California. Ford fúnra rẹ̀ náà ń ta síprìngì tó ń rẹ Mustang sílẹ̀. Ní Jámánì, èèyàn kò kàn lè fi síprìngì tó wù ú sí ọkọ̀ kó gbé e jáde. Ó gbọ́dọ̀ ní ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti dán síprìngì náà wò fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí síprìngì láti irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi máa ń ní nọ́ńbà lára, tí ìwé inú páálí rẹ̀ á sì máa sọ irú ọkọ̀, ọdún, àti iye mìlímítà tí yóò fi rẹlẹ̀. Oníṣòwò tó bá ń rajà ní Ládípọ̀ tàbí níbikíbi, kó wò ó bóyá nọ́ńbà ara irin bá ti ara páálí mu. Síprìngì tí kò ní nọ́ńbà, tí ẹni tó ń tà á kò sì lè sọ ọkọ̀ tó wà fún, kò yẹ ní rírà bó ti wù kó dán tó.

Ìbéèrè mẹ́rin ló yẹ kí mẹkáníìkì bi oníbàárà. Títì wo ló ń gbà lójoojúmọ́? Èèyàn mélòó ló máa ń gbé? Ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ti pẹ́ tó? Ṣé ẹwà ló ń wá ni, àbí bí ọkọ̀ yóò ṣe di ọ̀nà mú? Fún ẹni tó ń gba àwọn òpópónà tó kún fún kòtò, tí omi sì máa ń dá dúró sí nígbà òjò, rírẹlẹ̀ tó ju mìlímítà 25 lọ jẹ́ wàhálà tí ó ń fi owó rà. Bí ó bá jẹ́ pé bí ọkọ̀ yóò ṣe di ọ̀nà mú ló ń wá, táyà tó dára, ṣọ́ọ̀kì tuntun àti sìtábíláísà tó nípọn sí i lè ṣe é láǹfààní ju síprìngì lọ, láìgba àyè bọ́ǹpù lọ́wọ́ rẹ̀.

BÍ IṢẸ́ NÁÀ ṢE LÈ MÚ ÈRÈ TÓ Ń PẸ́ WÁ

Ká ní mẹkáníìkì méjì wà. Èkínní gba owó iṣẹ́ ọjọ́ kan, ó fi síprìngì sí i, ó parí. Oníbàárà padà wá lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ná ọjọ́ kan lórí rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan láìgba kọ́bọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló ṣe, owó ọjọ́ kan ló gbà. Èkejì sọ gbogbo rẹ̀ ṣáájú: síprìngì mẹ́rin, ṣọ́ọ̀kì, rọ́bà ìdádúró, bóòtù, irin Panhard àti aláìmẹ́ǹtì. Iye rẹ̀ ga, oníbàárà kan lè lọ síbòmíràn nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó dúró kò padà wá jà, á sì mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá. Owó tí mẹkáníìkì kejì gbà lọ́jọ́ kan, tirẹ̀ ni.

Kò ná owó rẹpẹtẹ láti ṣe iṣẹ́ náà bí ọ̀gá. Kí wọ́n tó tú ọkọ̀, kí wọ́n wọn gíga rẹ̀ láti àárín wíìlì sí etí ara ọkọ̀ tó wà lókè táyà, ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí wọ́n má wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, nítorí atẹ́gùn táyà lè tan ni jẹ. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí oníbàárà náà fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn iṣẹ́, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Síprìngì tuntun máa ń jókòó díẹ̀ sí i lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rìn, nítorí náà kí oníbàárà padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì fún wíwọ̀n àti àyẹ̀wò aláìmẹ́ǹtì, kí owó rẹ̀ sì ti wà nínú èyí tó san.

Ọgbọ́n kan tún wà tí kò wọ́n rárá. Kí wọ́n so okùn ọ̀rá kékeré, irú èyí tí wọ́n fi ń di wáyà, mọ́ ara irin dídán ṣọ́ọ̀kì tí irin náà bá hàn síta, kí wọ́n sì wa ọkọ̀ gba títì tí oníbàárà máa ń gbà. Bí ṣọ́ọ̀kì bá ṣe wọlé tó ni yóò ti okùn náà tó. Bí wọ́n bá dé tí okùn náà ti sún dé ibi rọ́bà ìdádúró, a jẹ́ pé ọkọ̀ náà ti rẹlẹ̀ jù fún títì yẹn. Oníbàárà á fi ojú ara rẹ̀ rí i, àríyànjiyàn á sì parí.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Oníbàárà tó wá fún ẹwà ọkọ̀ lè má mọ ohun tó wà láàárín síprìngì rẹ̀ àti kọ́nà tí yóò yà lálẹ́ ọjọ́ òjò. Mẹkáníìkì tó gba owó rẹ̀ ni ó yẹ kó mọ̀ ọ́n. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìmọ̀ràn tó yẹ kó fún un ni pé kó fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kó ra táyà àti ṣọ́ọ̀kì, òwò náà ni ìyẹn jẹ́, nítorí òun ni yóò ta táyà àti ṣọ́ọ̀kì náà fún un.